Àlejò Aago Kan Ọ̀sán

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Méjì-Méjì. Kò kọ́kọ́ fẹ́ràn orúkọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó ti mọ́ wọn lẹ́nu tán, kò rí i bọ́ kúrò lọ́rùn mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, kó sì rí i dájú pé gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ ní ẹ̀dà níbòmíràn, kí omi má baà dà sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan kí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sì bá a lọ. Bó bá ti wọ ọ́fíìsì ènìyàn, kó tó jókòó rárá, á ti béèrè pé, "Ṣé méjì ni?" Ẹni tó bá dáhùn pé ẹyọ kan ṣoṣo lòun ní, kó yáa múra sílẹ̀ fún ìwàásù.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá ní òun fẹ́ kọ ìwé, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣètò ẹ̀dà bí kò ṣe òun.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá náà fi jókòó sídìí tẹlifóònù ilé ìwòsàn ńlá kan. Ẹni yòówù tó bá pe ilé ìwòsàn náà, ohùn tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Òun ni yóò sì so onítọ̀hún mọ́ yàrá tó ń wá. Igba nọ́ńbà ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé yẹn, orí ló fi mọ gbogbo wọn. Àwọn dókítà míì a máa gbàgbé nọ́ńbà yàrá ara wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń béèrè. Bó bá ń sọ ìyẹn, a máa rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí kò ní ohun mìíràn tó fi ń yangàn ju orí pípé yẹn lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, ó ní òun yóò kọ àwọn ìpè tí òun kò lè gbàgbé sílẹ̀, ìpè kan sí ojú ìwé kan, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Méjì-Méjì ra kọ̀ǹpútà fún un, ó gbé e sórí tábìlì tó kọjú sí fèrèsé. Ó ṣe fódà kan, àpò tí ìwé yóò máa wà, sójú ẹ̀rọ, ó pè é ní "Ìwé Màámi," ó sì fi àwòrán tẹlifóònù àtijọ́ sí i kí ìyá lè tètè dá a mọ̀, torí ojú ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáká mọ́. Ẹ̀dà ló wá kù. Ní ṣọ́ọ̀bù Méjì-Méjì, ní òdìkejì ìlú, àpótí dúdú kékeré kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń bá àwọn oníbàárà tọ́jú nǹkan. Ó dá fáìlì ńlá kan sínú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Fáìlì náà kì í ṣe fáìlì lásán: bí kọ̀ǹpútà bá ṣí i láti ọ̀nà jíjìn, á yọ sójú ẹ̀rọ bíi dísìkì gidi, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó bá pa á dé, á pòórá, ojú ibẹ̀ á sì ṣófo bí ẹni pé nǹkan kan kò síbẹ̀ rí.

Ó tò ó sínú ẹ̀rọ pé lójoojúmọ́, ní aago kan ọ̀sán, kó mú dísìkì yìí bá fódà ìyá mu, lẹ́yìn náà kó pa dísìkì dé. Ó ní kó má bi ìyá ní ìbéèrè kankan, nítorí ìyá kì í fẹ́ kí ẹ̀rọ máa da òun láàmú pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́." Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń falẹ̀ lọ́sàn-án, dísìkì kì í ráyè ṣí. Méjì-Méjì bá yí i padà pé kó máa ṣí fúnra rẹ̀ láàárọ̀, gbàrà tí ìyá bá ti tan ẹ̀rọ, kó ti wà ní sẹpẹ́ de aago kan. Láti ọjọ́ náà, kò tún kọsẹ̀ mọ́. Ọkàn Méjì-Méjì balẹ̀, ó kọjú sí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá pè é.

"Ọmọ mi, ẹnì kan ń wá síbí o."

"Sínú ilé, Màámi?"

"Sínú ẹ̀rọ. Aago kan ọ̀sán ló máa ń wá. Tó bá ti dé, á kó ohun tí mo kọ láàárọ̀, á lọ."

"Ṣé ojoojúmọ́ ni?"

"Ìgbà tó bá wù ú ni. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta má yọjú, kó wá dé lọ́jọ́ kẹrin. Ohùn ẹ̀ ni mi ò tíì gbọ́."

Ìdáhùn yìí ló jẹ́ kí nǹkan fu ọmọ náà lára. Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí olè tí yóò fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ kó wá máa jí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Ó lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó yẹ ẹ̀rọ wò látòkè délẹ̀. Kò sí àlejò kankan. Ó wo ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń kọ iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́: aago kan, méjèèjì bára mu, kò sí àṣìṣe. Ó ṣí fódà ìyá, ó bá ojú ìwé mọ́kànlá níbẹ̀. Ìyá ní ogún ni òun ti kọ.

"Bóyá ẹ ò tọ́jú wọn kẹ́ ẹ tó dìde, Màámi."

Ìyá wò ó sùn-ùn. "Mo tọ́jú wọn," ló wí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà wá ń dẹ́rù bani. Bó bá ti ku ìṣẹ́jú kan kí aago kan lù, ìyá á gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí ẹ̀rọ, á kó wọn lé itan, á sì máa wo gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ó gbé àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ní kò bójú mu kí ènìyàn máa wá síni lọ́dọ̀ kó máa wà lóòró. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé ní yàrá kejì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ara ògiri, ohùn iṣẹ́ àtijọ́ yẹn, tó tutù, tó sì ń bọ̀wọ̀ fúnni: "Ẹ káàsán. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?" Á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí èsì. "Ẹ dúró sórí ìlà, ẹ jọ̀ọ́." Bẹ́ẹ̀ tẹlifóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá, kò sí ẹni tó pè é.

Aránṣọ náà sọ fún ẹ̀gbọ́n Méjì-Méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, iṣẹ́ gíláàsì fèrèsé ló ń ṣe, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti ìyá, òun ló sì máa ń sáré wá bí iná bá kú tàbí tí omi bá ń jò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó bá ìyá níbi tó ti ń bá àga tó ṣófo sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ó pe àbúrò rẹ̀ látorí àtẹ̀gùn.

"Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ni, àbí Màámi ni?"

"Kọ̀ǹpútà yẹn ò ní nǹkan kan, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Èmi ni mo tò ó."

Gbólóhùn yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Wọ́n ní yàrá kan ṣófo níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé tí àwọn ọmọ méjèèjì yóò fọwọ́ sí pé ìyá àwọn kò lè dá gbé mọ́, tí ìyá fúnra rẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọn yóò wá bá ìyá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí nọ́ọ̀sì bá gbà pẹ̀lú wọn, ìyá yóò kó kúrò nínú ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí rẹ̀, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i. Méjì-Méjì náà fọwọ́ sí i. Ó sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀, ó nu ojú, ó sì lọ bá oníbàárà kan tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe.

Ọjọ́bọ̀ ló gbé ìwé náà lọ fún ìyá, ẹni tí ẹ̀gbọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ pọ̀, kò sì rí ọ̀kan sọ nínú wọn, torí ìyá gba ìwé náà, ó kà á tán, ó fọwọ́ sí i.

"Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan, Màámi."

"Kí ni mo fẹ́ bi ẹ́? Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ, o ní kò sẹ́ni tó ń wá. Èmi sì ń rí i. Nínú àwa méjèèjì, ó ní ẹni tí nǹkan ń ṣe." Ó dìde. "Jẹ́ kí n lọ wẹ̀."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà nílé ìwẹ̀. Méjì-Méjì fìdí lé àga, ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó rántí pé àga àlejò ni òun jókòó sí. Lójú aago ara ògiri, aago kan ku ìṣẹ́jú méjì. Ojú ìwé kan wà ní ṣíṣí lójú kọ̀ǹpútà, ó kún fún ọ̀rọ̀ gàdàgbà gàdàgbà tí ojú ìyá lè kà. Ó rò pé ìpè ilé ìwòsàn kan ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ẹ káàsán. Èmi náà ni. Ẹ ò tíì sọ orúkọ yín fún mi, mi ò sì ní fipá mú yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ. Èyí tí ẹ kó lánàá, ẹ máa mú un lọ. Ìpè obìnrin tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun ti lajú ni. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lọ́la. Àwọn kan ń bọ̀ wá wò mí. Bí ẹ bá lè fi ohun tí mo bá kọ lọ́la sílẹ̀, ojú ìwé kan péré, màá fi hàn wọ́n, wọ́n á rí i pé orí mi ṣì pé. Ẹ má bínú sí ọmọ mi tó ní ẹ ò sí. Kò mọ̀ yín ni. Bí ẹ bá wá gbọ́dọ̀ mú nǹkan, ẹ mú"

Ibẹ̀ ni gíláàsì parí sí. Ó fẹ́ fa ojú ìwé náà wálẹ̀ kó lè ka ìyókù, aago ara ògiri sì lù lẹ́ẹ̀kan. Iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú ìwé náà pa dé níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó mọ ilé bá fa ilẹ̀kùn dé kó má baà jí onílé.

Ó ṣí "Ìwé Màámi." Lẹ́tà tó ń kà kò sí níbẹ̀. Ìpè obìnrin tó ń béèrè ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Omi ṣì ń dà nílé ìwẹ̀, torí náà kì í ṣe ìyá. Ọdún méjìlá rèé tí Méjì-Méjì ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú òun. Kò lè yíjú sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ la ẹnu kí onítọ̀hún pé, "Ẹ káàsán."

Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ló gbà á sílẹ̀. Kí aago tó lù, àwòrán tẹlifóònù méjì ló wà níbẹ̀. Báyìí, ó ku ẹyọ kan. Ọjọ́ tó dá dísìkì yẹn, "Ìwé Màámi" ló pe òun náà, bó ṣe pe fódà. Àwòrán kan náà ló fi sí i, ó tilẹ̀ yin ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òun mọ́. Láàárọ̀, bí ìyá bá tan ẹ̀rọ, méjèèjì á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyá á sì ṣí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Bó bá ṣí fódà, kò séwu. Bó bá ṣí dísìkì, inú ẹ̀dà ló ń kọ̀wé sí. Tó bá di aago kan, ẹ̀rọ á rí ojú ìwé nínú ẹ̀dà tí kò sí nínú fódà, á pa á rẹ́ kí méjèèjì lè bára mu, á pa dísìkì dé mọ́ ìyá lójú, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àṣìṣe. Kò sì ní béèrè nǹkan kan, nítorí òun ló ní kó má béèrè. Ohun tó bá pa rẹ́ báyìí kò sí níbòmíràn. Òun tó ń fi "Ṣé méjì ni?" da gbogbo ìlú láàmú kò fi ẹ̀dà kejì sílẹ̀ fún ìyá tó bí i.

Oṣù méjì gbáko ni ìyá ti ń bẹ olè. Òun ni olè náà.

Ìyá jáde pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn. Ó wo gíláàsì, ó wo ọmọ rẹ̀ lórí àga.

"Ó ti wá?"

"Èmi ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Àlejò yẹn ni mò ń bi ẹ́."

"Èmi ni àlejò yẹn."

Ó ṣàlàyé. Ó nàka sí ibi tí tẹlifóònù kejì wà tẹ́lẹ̀, ó tún un ṣàlàyé. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyá lójú. Ìyá gbọ́ ọ títí dópin láìdá a lẹ́nu dúró, bó ṣe máa ń gbọ́ àwọn tó bá ń sunkún lórí ìlà. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ pa á lórí.

"O ṣeun, ọmọ mi. O fẹ́ kí n lè sùn lálẹ́ òní."

"Òótọ́ ni mò ń sọ."

"Ní oṣù tó kọjá, òótọ́ lo sọ. Lónìí náà, òótọ́ lo sọ. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?" Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ti gbà fún wọn. "Mo ti fọwọ́ sí i. Jẹ́ kí wọ́n wá."

Ọwọ́ Méjì-Méjì ti wà lórí ẹ̀rọ láti pa ètò náà rẹ́, ó bá fà á padà. Bó bá pa á rẹ́, àlejò kò ní wá lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá á sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí àlejò tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i, níṣojú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì dé ní aago méjìlá ààbọ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó mú bírò dání. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fa àbúrò rẹ̀ lápá.

"Má tún da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí, Bọ̀ọ̀dá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tí ẹ bá fẹ́."

Ó bẹ ìyá pé kó ṣí tẹlifóònù kejì, kó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Ìyá kọ ìlà mẹ́ta. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Aago lù, iná kékeré ṣẹ́jú, ojú ìwé náà pa dé. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn rìn títí tó fi kan ògiri. Ó ti gbọ́ ọ títí, kò tíì fojú rí i rí.

Méjì-Méjì ṣí ètò náà, ó fi nọ́ńbà aago inú rẹ̀ hàn wọ́n, ó yí i sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá aago kan, ó sì tún ṣí dísìkì. Ìyá tún kọ̀wé. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá gééré, àlejò tún dé, ó kó o lọ. Ó yí i sí ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú ló dé. Lẹ́yìn náà ni Méjì-Méjì wá pa gbogbo ètò náà rẹ́ níṣojú wọn. Ìyá kọ ìlà kan, wọ́n sì jókòó dúró. Ìdajì wákàtí kọjá. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyá na ìka sí gíláàsì, ó fọwọ́ kàn án.

"Kò lọ," ló wí.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Mo ti rí ti ẹ̀rọ. Ti orí Màmá ni mo bá wá. Màmá, àwọn èyí tí wọ́n kó lọ yẹn, ṣé ẹ rántí ọ̀kan nínú wọn?"

"Ó ju ogójì lọ. Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

"Mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè ni mo máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Jókòó síbí. Ṣí èyí tí kì í lọ, kóo máa kọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kó. Ọkùnrin kan ló pè ní ìgbà méje láàárọ̀ ọjọ́ kan láti béèrè àjà tí ìyàwó rẹ̀ wà, ìgbà méje náà ni ìyá sì dáhùn pé àjà kẹta, torí ó mọ̀ pé kì í ṣe àjà ló ń wá. Ìyá sọ ohun tí ọkùnrin náà wí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà tí òun so ó mọ́. Ó bọ́ sórí ìkejì, ó bọ́ sórí ìkẹta, ohùn rẹ̀ kò yára, kò falẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹfà, nọ́ọ̀sì dé bírò rẹ̀ lórí. Ó ní òun kò rí iṣẹ́ tí òun wá ṣe níbí, ó kí wọn, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n gbé ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, ó rún un sápò, ó sì tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀.

Ìyá kò tilẹ̀ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ.

"Èyí tó kàn kì í ṣe ìpè," ló wí. "Lẹ́tà ni, èyí tí mo kọ́kọ́ kọ sí i, kí n tó sọ fún ẹ rárá. Ṣé kí n fò ó?"

Ọwọ́ Méjì-Méjì dúró. Ó wù ú kí ìyá fò ó.

"Ẹ má fò ó, Màámi."

"Ó dáa. 'Ẹ káàsán. Mo rí i pé ẹ tún wá. Mi ò ní pariwo. Ohun tí ẹ bá fẹ́ mú, ẹ máa mú un, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi obìnrin mọ̀. Òun ló ra ẹ̀rọ yìí fún mi. Bó bá gbọ́ pé wọ́n ń jí nǹkan nínú ẹ̀, á máa rò pé òun ò tọ́jú mi dáadáa, ó sì tọ́jú mi.'"

Méjì-Méjì kò rí gíláàsì dáadáa mọ́. Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, títí tó fi dé ibi tí ìyá dákẹ́ sí.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, Màámi."

"Ó ku lẹ́tà mẹ́tàdínlógún," ni ìyá wí. Ó gbá ọwọ́ pọ̀ sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn.